Táyà kan fún ibi iṣẹ́ àti fún autocross: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí èyí tí àpò lè gbé

Àwọn ìdáhùn yìí wà fún ẹni tó ń gbé Corolla, Civic tàbí Miata rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ní Amẹ́ríkà, tó wá fẹ́ fi ọkọ̀ kan náà sáré láàárín kóònù lọ́jọ́ Àìkú, eré tí wọ́n ń pè ní autocross. Nínú oṣù kan, ọjọ́ kan tàbí méjì péré ni ti kóònù. Torí ọjọ́ tó kù ni kí ẹ ṣe ra táyà.

Kí ni autocross ń bèèrè lọ́wọ́ táyà tí títì lásán kì í bèèrè?

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá tàbí pápákọ̀ òfurufú tí wọn kò lò mọ́ ni wọ́n sábà máa ń to kóònù sí. Aago ni ẹ ń bá díje, ọkọ̀ ẹlòmíì kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Eré kan sábà máa ń gbà tó ìṣẹ́jú kan, gíá kejì ni ẹ ó sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fún èèyàn ní eré 4 sí 6 lọ́jọ́ kan. SCCA (Sports Car Club of America), ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, ló ń ṣòfin tí púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ń tẹ̀ lé: kóònù kan tí ẹ bá gbá dànù ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kún àkókò yín.

Táyà tútù ni ẹ ó fi gbéra. Lórí títì márosẹ̀, táyà ní àyè láti móoru díẹ̀díẹ̀. Níbí, kóònù kejì ti dé kí rọ́bà tó jí. Ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹ ó já sítíárì sósì, ẹ ó tún já a sọ́tùn-ún lójijì, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ á sì dà lé táyà iwájú kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde kọ́nà. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá rọ̀, á ká wọ abẹ́, èjìká táyà (ibi tí ojú rẹ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́) á máa ha títì. Nítorí náà, ohun méjì ni autocross ń wá: rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú nígbà tó ṣì tutù, àti ẹ̀gbẹ́ táyà tó le. Kó pẹ́, kó má pariwo, kó má bẹ̀rù òjò: ọjọ́ Ajé ló ń bèèrè ìyẹn.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ra táyà tuntun kí n tó lọ nígbà àkọ́kọ́?

Rárá o. Bí táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ bá ṣì ní ilà dáadáa, tí wáyà kankan kò yọ, tí ibì kankan kò wú, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ojú àti ọwọ́ ni ẹ ń kọ́: ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń wo kóònù kẹta nígbà tí ẹ wà ní ti àkọ́kọ́. Táyà tó ń han tí ó bá fẹ́ yọ̀ tún jẹ́ olùkọ́ dáadáa, torí ariwo rẹ̀ ń sọ fún yín pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù. Táyà olówó ńlá máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ ṣì í.

Ẹ lo èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ títí ó fi jẹ tán. Ìgbà yẹn ni owó yín á bá ìmọ̀ yín pàdé.

Mo rí 205/55R16 91V lára táyà mi. Kí ló ń sọ?

205 ni ìbú táyà ní mìlímítà. 55 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn. R ni radial, ìyẹn bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, 16 sì ni ríìmù rẹ̀ ní ìǹsì. 91 ni ẹrù tó lè gbé, ìyẹn kílò 615 fún táyà kan. V ni ìwọ̀n eré tó lè gbà, kìlómítà 240 ní wákàtí. H jẹ́ 210, T jẹ́ 190, W jẹ́ 270.

Ẹ má ra èyí tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kéré sí ti bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́tà eré náà kò yẹ kó rẹlẹ̀ sí ti bébà náà.

Ìṣirò kan tó máa ń wúlò: ìlọ́po méjì gíga ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ríìmù, ni gíga gbogbo táyà. Ti 205/55R16 jẹ́ mìlímítà 632 (112.75 lọ́nà méjì, àti 406.4 ti ríìmù). 225/50R16 jẹ́ 631. 225/45R17 jẹ́ 634. Ìdí nìyẹn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi lè wọ ọkọ̀ kan náà láìda aago eré rú, bí àyè bá wà fún ìbú wọn.

Treadwear 200, 340, 560: ṣé bí nọ́ńbà ṣe kéré tó ni táyà ṣe dára tó?

Treadwear ni nọ́ńbà tó ń sọ bí táyà ṣe máa pẹ́ tó kó tó jẹ tán. Bí nọ́ńbà bá kéré, rọ́bà máa ń rọ̀, ó ń di ilẹ̀ mú, ó sì ń tètè jẹ. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sára táyà. Ojú títì kan tó yí ká máìlì 400 nítòsí San Angelo ní Texas ni wọ́n ti ń dán an wò, wọ́n á wa ọkọ̀ títí tó fi pé máìlì 7,200, wọ́n á wá fi bó ṣe jẹ wé ti táyà kan tí wọ́n fún ní 100.

Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló ń fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà, ẹ má sì gbàgbé ìyẹn. 200 ti ilé iṣẹ́ kan lè pẹ́ tó ìlọ́po méjì 200 ti ilé iṣẹ́ míì. Òfin SCCA fún ọkọ̀ ojú títì, Street àti Street Touring, ní kí nọ́ńbà yìí má dín ní 200. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ta táyà fún eléré fi ń kọ 200 géérégé, kódà nígbà tí rọ́bà náà rọ̀ bí ẹ̀kọ. Láàárín táyà ilé iṣẹ́ kan náà ni nọ́ńbà yìí ti wúlò jù fún àfiwé.

Irú táyà wo ló wà, èwo ló tọ́ sí mi?

Ọ̀nà mẹ́ta la máa pín wọn sí fún iṣẹ́ yìí.

Àkọ́kọ́ ni all-season (táyà yípo ọdún) tó ń sáré díẹ̀, bí Continental ExtremeContact DWS06 Plus tí treadwear rẹ̀ jẹ́ 560. Ó ń rìn nínú òjò, ó ń rìn nínú yìnyín díẹ̀, ó ń pẹ́. Lẹ́tà D, W àti S wà lára ilà ojú rẹ̀: bí S bá ti jẹ tán, ẹ má fi í gun yìnyín mọ́; bí W bá lọ, ẹ ṣọ́ra fún òjò. Láàárín kóònù, á máa han, á sì máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó gbádùn ara yín.

Èkejì ni táyà ìgbà ooru tó wà fún ojú títì: Firestone Firehawk Indy 500 àti Continental ExtremeContact Sport 02, tí tiwọn jẹ́ 340, tàbí Michelin Pilot Sport 4S tó jẹ́ 300, tó sì wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀gbẹ́ wọn le ju ti all-season, wọ́n ń di ilẹ̀ mú nínú òjò, ariwo wọn kò pọ̀. Bí ẹ bá ní kí a mú ẹyọ kan fún ẹni tó ní ọkọ̀ kan, àpò kan, tó sì ń gbé níbi tí kì í tutù púpọ̀, inú àwọn yìí la ó ti mú un, Firestone yẹn la ó sì kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn 200, ìyẹn àwọn tí treadwear wọn jẹ́ 200: Hankook Ventus R-S4, Falken Azenis RT660, Bridgestone Potenza RE-71RS, Yokohama Advan A052. Ìwà wọn kò dọ́gba rárá. R-S4 ń pẹ́ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ooru kó tó jí, nítorí náà eré àkọ́kọ́ láàárọ̀ tútù á máa yọ̀ lábẹ́ yín. A052 ń dì mọ́ ilẹ̀ láti kóònù àkọ́kọ́, àmọ́ ó ń gbóná jù kíákíá, ó sì ń jẹ bíi súgà nínú tíì gbígbóná. RT660 wà láàárín. Wọ́n máa ń sọ òkúta sí abẹ́ mọ́tò, ta, ta, ta, bí ẹ bá ti ń jáde níbi ìgbọ́kọ̀sí, torí rọ́bà tó móoru ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tó bá tẹ̀. Ẹni tó bá ń wa máìlì 15,000 lọ́dún kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe táyà ọjọ́ gbogbo, àyàfi tí owó kò bá ká a lára.

Chicago ni mo ń gbé. Ṣé mo lè lo táyà ìgbà ooru yípo ọdún?

Ẹ kò lè lò ó. Bí òtútù bá ti rẹlẹ̀ sí nǹkan bíi 7°C, rọ́bà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á máa yọ̀ lórí títì gbígbẹ pàápàá. Bó bá lọ sí -7°C sí ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ lè là bí ẹ bá gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan, ìlà yẹn kò sì ní àtúnṣe. Wọ́n lè là níbi tí wọ́n bá ti ń jù wọ́n sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ pàápàá. Ẹ kó wọn sínú ilé tí kì í dì, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú.

Ẹni tó wà ní Houston tàbí Atlanta lè fi ti ìgbà ooru kọjá èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, kó kàn máa wo ojú ọjọ́ ní January. Ẹni tó wà ní Chicago tàbí Minnesota nílò sẹ́ẹ̀tì méjì, tàbí kó gba all-season kan, kó fara mọ́ ìṣẹ́jú-àáyá tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Táyà 200 nínú òjò ńkọ́?

Èyí tó pọ̀ nínú wọn ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú ilà tó jinlẹ̀ tó 7/32 sí 8/32 ìǹsì, nígbà tí all-season tuntun sábà máa ń tó 10/32. Nígbà tó bá jẹ dé 4/32, kò sí ibi tí omi ń gbà jáde mọ́, ọkọ̀ á wá máa fò lórí omi bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fi owó ẹyọ sẹ́ńtì 25 wọ inú ilà náà, orí Washington kó kọjú sí ìsàlẹ̀: bí gbogbo orí rẹ̀ bá hàn, ó ti kéré sí 4/32. Òfin lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ gba 2/32, ṣùgbọ́n òjò kò mọ òfin.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Èwo ló wọ́n jù ní tòótọ́?

Iye orí bébà kò tó fi mọ̀. Owó fún máìlì kan ló yẹ kí ẹ ṣírò, kí ẹ sì fi owó gbígbé e sí ríìmù, bálánsì àti owó táyà àtijọ́ tí wọ́n máa gbà lọ kún un. Àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò wọn.

Ẹ ká ní ẹ ń wa máìlì 12,000 lọ́dún, owó ìgbésí àti àwọn tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ $25 fún táyà kan. All-season $110, tó lè dé máìlì 45,000: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ $540, ìyẹn $144 lọ́dún. Táyà ìgbà ooru $170, tó lè dé 25,000: $780, nǹkan bíi $374 lọ́dún. Táyà 200 tó jẹ́ $200, tó lè dé 12,000: $900 lọ́dún kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ẹni tó ní sẹ́ẹ̀tì méjì. All-season fún ojoojúmọ́ jẹ́ $144. Bí táyà 200 tó ń lò fún eré nìkan bá lo ọdún 3 kó tó gan, $300 ni lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $444, láìtíì ka ríìmù kejì. Táyà ìgbà ooru kan ṣoṣo ṣì dín owó jù ú lọ, kò sì ní gba àyè nínú gáréèjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní máa fi jáàkì gbé mọ́tò láàárọ̀ Àìkú. Títí dìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ife ẹ̀yẹ, ibẹ̀ ni ká dúró sí.

Ọ̀nà míì tí owó fi ń dín: ríìmù kékeré. Táyà 15 ìǹsì sábà máa ń pọ́ọ́kú ju ti 17 lọ, ó sì fúyẹ́. Ẹ tún wo iye táyà tí ilé iṣẹ́ fẹ́ fi òmíràn rọ́pò. Wọ́n máa ń tà á dànù, kò sì sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ ẹ rà mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí bí ọ̀kan bá bẹ́ lóṣù mẹ́fà sí i, ẹ lè má rí ìkejì rẹ̀.

Ṣé kí n ra èyí tó fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ?

Bí ríìmù yín bá gbà á. 205/55R16 lè wọ ríìmù tó fẹ̀ láti 5.5 dé 7.5 ìǹsì; 225/50R16 láti 6 dé 8. Bí ẹ bá fi 225 há ríìmù 6 ìǹsì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á yọ ikùn síta, á sì máa mì bíi jẹ́lì bí ẹ bá já sítíárì. 205 lórí ríìmù 7 ń dáhùn ju 225 lórí ríìmù 6 lọ, owó rẹ̀ sì kéré.

Nínú kíláàsì Street ti SCCA, ìbú ríìmù kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́. Gíga rẹ̀ lè fi ìǹsì 1 pọ̀ sí i tàbí dín kù. Táyà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi yín sílẹ̀ lé lórí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí sítíárì dé òpin lápá méjèèjì, kí ẹ fi ọwọ́ wo àyè tó wà láàárín táyà àti ike inú fẹ́ńdà, àti láàárín táyà àti ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì (shock absorber). Bí ìka kan kò bá lè kọjá níbẹ̀, táyà tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á ha.

Mo rí táyà tokunbo tí eléré kan lò fún ọdún kan, ilà rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Ṣé kí n rà á?

Ilà ló máa ń tan èèyàn jẹ. Táyà autocross máa ń kú láti èjìká, àti láti inú rọ́bà, kí ilà àárín rẹ̀ tó tán. Ẹ yẹ nǹkan mélòó kan wò.

Ọjọ́ orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yìí máa ń pé sí, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i, ẹ wo apá kejì. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe táyà yẹn ṣáájú 2000, ẹ sá fún un. Fún eré, a kò ní ra èyí tó ti ju ọdún 4 lọ. Fún ojú títì, ọdún 6 ti tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná tẹ àárín ilà rẹ̀. Rọ́bà tó ṣì wà láàyè á gba àmì èékánná, á sì rọra gbé ara rẹ̀ dìde padà. Èyí tó ti gan á dá èékánná yín padà bíi pé ẹ tẹ ike líle. Ẹ wo inú táyà bí ó bá ti kúrò lórí ríìmù: bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ nítòsí èjìká tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo. Ibi tó bá wú, okùn inú rẹ̀ ti já níbẹ̀. Ẹ wo etí tó ń jókòó sínú ríìmù. Bí irin ẹ̀rọ bá ti ya á, kò ní mú atẹ́gùn dúró.

Owó mi kò tó mẹ́rin. Ṣé mo lè ra méjì?

Ẹ lè rà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kí ẹ fi méjì tuntun sí, bó ti wù kí ọkọ̀ yín jẹ́ èyí tí iwájú rẹ̀ ń fà. Bí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, ọkọ̀ á lọ tààrà, ẹ ó sì dín eré kù. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po. Fífi 200 síwájú, all-season tó ti pá sẹ́yìn, jẹ́ ohun tí àwọn kan ń ṣe kí ọkọ̀ lè tètè yí láàárín kóònù. Lójú títì márosẹ̀ tí omi wà lórí rẹ̀, wọ́n ń wá ìjàǹbá ni.

Atẹ́gùn mélòó ni mo máa fi sí i?

Ibí ni owó táṣẹ́rẹ́ ti ń ṣe iṣẹ́ owó ńlá. Ohun tí ẹ nílò: gééjì tó péye, pọ́ọ̀ńpù kékeré tó ń lo bátìrì mọ́tò, ṣọ́ọ̀kì funfun tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí bọ́ọ̀dù.

Ẹ ká ní bébà ilẹ̀kùn sọ 32 PSI (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn). Pẹ̀lú all-season lórí ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ ń fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 40 níwájú àti 38 lẹ́yìn, nígbà tí táyà tutù. Pẹ̀lú táyà ìgbà ooru, 36 níwájú, 34 lẹ́yìn. Ẹ má kọjá iye tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó sábà máa ń jẹ́ 44 tàbí 51.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ojú táyà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ibi mẹ́ta yí i ká, lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́bàá èjìká ọ̀pọ̀ táyà, ẹ ó rí àmì onígun mẹ́ta kékeré kan. Ibẹ̀ ni ojú táyà yẹ kó parí sí. Ẹ sá eré kan, kí ẹ sì tètè wò ó. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti pa rẹ́ kọjá àmì yẹn wọ ẹ̀gbẹ́, táyà ń ká wọ abẹ́: ẹ fi 2 PSI kún un. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣì wà lójú táyà, lókè àmì náà, ẹ yọ 2. Bí ó bá pa rẹ́ dé etí àmì géérégé, ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé.

Lẹ́yìn eré kejì, ooru á ti gbé atẹ́gùn yẹn ga, ó lè jẹ́ 2 sí 4 PSI. Ẹ tú u padà sí nọ́ńbà yín. Bí imú ọkọ̀ bá ń kọ̀ láti yí, tí ẹ ń yí sítíárì tí ó ń lọ tààrà, ẹ fi 2 kún ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn bá fẹ́ gba iwájú, ẹ yọ 2 lẹ́yìn. Ẹ máa yí ohun kan ṣoṣo padà láàárín eré méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó gbéra lọ ilé, ẹ dín gbogbo rẹ̀ kù sún mọ́ iye bébà ilẹ̀kùn, kí ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tó bá ti tutù. Bí ojú ọjọ́ bá fi 10°F tutù sí i, nǹkan bíi PSI kan á lọ fúnra rẹ̀.

Kí ni wọ́n máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó jẹ́ kí n sáré?

Wọ́n á wo bóyá nọ́ọ̀tì táyà le, bóyá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń mì tí wọ́n bá dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, bóyá bíréèkì le, bóyá bátìrì dúró gbọin, bóyá wáyà yọ lójú táyà. Ẹ kó gbogbo ẹrù inú bọ́ọ̀tù àti abẹ́ ìjókòó jáde, títí kan kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀.

Nọ́ọ̀tì ló máa ń ṣe èèyàn. Ẹ lo sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó máa ń dún "kẹ́" tó bá ti tó: Corolla 76 ft-lb (ìwọ̀n agbára tí ẹ fi dè é), Honda Civic 80. Ẹ dè é bí ìràwọ̀, láti nọ́ọ̀tì kan sí èyí tó kọjú sí i. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ọ̀pọ̀ ilé táyà ń dè é ju bó ti yẹ lọ, ó sì ń tẹ dísìkì bíréèkì, tí ẹ ó wá máa rò pé táyà kò ní bálánsì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé táyà tuntun sí i, ẹ tún un dè lẹ́yìn máìlì 50 sí 100.

Èjìká òde táyà iwájú ń jẹ, àárín rẹ̀ ṣì dára. Kí ló fà á?

Atẹ́gùn tó kéré ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣọ́ọ̀kì á sọ fún yín. Bí ìyẹn bá ti tọ́, camber ni, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pọ́ọ́kú, ẹsẹ̀ iwájú dúró ṣánṣán. Bí ọkọ̀ bá wá tẹ̀ ní kọ́nà, èjìká òde ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ aláíńmẹ́ǹtì pé kó fún yín ní camber tó wọ inú jù tí ilé iṣẹ́ gbà, kó dọ́gba lápá méjèèjì, kí toe iwájú (bí imú táyà méjèèjì ṣe kọjú sínú tàbí síta) sì jẹ́ òdo. Ẹ gba bébà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí, ṣáájú àti lẹ́yìn. Toe tó bàjẹ́ ń jẹ táyà lójoojúmọ́, ju gbogbo autocross ọdún kan lọ.

Ẹ máa pààrọ̀ ipò táyà ní gbogbo máìlì 5,000: lórí ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ ń fà, ti iwájú ń lọ tààrà sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn ń kọjá síra wá síwájú. Bí ọfà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ń tọ́ka ibi tó gbọ́dọ̀ yí sí, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń dúró sí. Irú táyà ọlọ́fà yẹn ní ọgbọ́n kan: ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ríìmù, kí wọ́n gbé e sí ríìmù apá kejì ọkọ̀. Èjìká tó ti jẹ á wá bọ́ sínú, ọfà á sì ṣì tọ́ka síwájú.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń bu omi sí táyà?

Àwọn tó ń lo 200 lọ́jọ́ ooru, pàápàá tí ẹni méjì bá ń fi ọkọ̀ kan sáré tẹ̀ léra, máa ń gbé ohun tí wọ́n fi ń fín ewéko dání, tí wọ́n á fi wọ́n omi sí i láàárín eré méjì. Rọ́bà tó bá gbóná jù á di ọ̀rá. Fún all-season àti táyà ìgbà ooru, ẹni kan, ẹ fi omi yín mu.

London ni mo wà. Ṣé ìdáhùn yìí kàn mí?

Ohun tí wọ́n ń pè ní autocross ní Britain, orí koríko tàbí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà ẹ má fi orúkọ yẹn wá a. Autosolo ni kí ẹ wá; òun ló jọ èyí tí a ń sọ níbí. Òfin ibẹ̀ fún ojú títì ni mìlímítà 1.6 ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àárín táyà, yí i ká.

Tí mo bá pààrọ̀ wọn, ṣé mo lè kó àtijọ́ náà sínú kọ̀ǹténà ránṣẹ́ sílé?

Táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wà nínú ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, táyà tí ẹ fi ṣe eré ti gbóná, ó ti tutù, ó ti gan. Ẹni tó bá fi í sáré ní títì Èkó sí Ìbàdàn nínú oòrùn ọ̀sán, tó kún fún èrò, ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ilé táyà tó bá yín gbé tuntun sí i. Owó tí ẹ san ti ní ti kíkó o dànù nínú.